Ìwárìrì Ìgbà Òjò Kì Í Ṣe Ọ̀ràn Àjẹ́

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Èkìtì, ní Oǹdó àti ní ìhà Ìkàrẹ́ Àkókó, àìsàn kan wà tí ó máa ń bá òjò dé. Láti nǹkan bí oṣù keje títí dé oṣù kẹwàá ọdún ni a ń rí i jù. Ẹni tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara líle yóò jẹun tán, yóò sì lọ sùn. Nígbà tí yóò bá fi jí, èébì ti bẹ̀rẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ, orí àti ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bí ó bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. A máa rìn bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹnu kan ọtí. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a wúwo, iyè rẹ̀ a sì rá títí ara ilé yóò fi máa pe orúkọ rẹ̀ tí kò ní dáhùn.

Ẹ̀yin olùkàwé wa mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé irú èyí ní ilé wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé, Kí ni ó jẹ? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, Ta ni ó se é? Bí ìyàwó kékeré bá ni ó se é, ọ̀ràn ti dé bá a. Bí ó bá jẹ́ opó arúgbó kan ni ó gbé àwo wá láti ilé kejì, ó sàn kí ó má tilẹ̀ jí ní ọjọ́ náà. A ó ké sí babaláwo, a ó ké sí àwọn tí ń ríran, a ó sì dárúkọ ẹnìkan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ fítámì kan tí ń yọ́ nínú omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Orúkọ ènìyàn, ìyàwó ilé, àti àlàáfíà àdúgbò wà nínú rẹ̀.

Fítámì náà ni a ń pè ní B1. Àwọn onímọ̀ sì ń pè é ní thiamine. Kí n tó padà sí Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà òkun lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, níbi tí ìrẹsì ti jẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, àrùn kan wà tí a ń pè ní beriberi. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá mú a máa kú tipiri, tàbí kí ó wú. Ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì, èémí a sì máa ṣe é ní kúkúrú, títí yóò fi kú. Ọmọ ọwọ́ pàápàá ń kú nínú rẹ̀ lẹ́nu ọmú, nítorí pé ohun tí kò sí lára ìyá kò lè sí nínú wàrà rẹ̀. Ní ọdún 1882, ọkọ̀ ogun Jàpáánì kan tí ń jẹ́ Ryujo gbéra lọ sí ìrìn àjò gígùn pẹ̀lú ọkùnrin 376. Kí wọ́n tó padà, beriberi ti mú 169 nínú wọn, 25 sì ti kú. Oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi kan, Takaki Kanehiro, wí pé oúnjẹ ni. Ó bẹ̀bẹ̀ títí a fi rán ọkọ̀ mìíràn, Tsukuba, gba ọ̀nà kan náà ní ọdún 1884, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹran, wàrà, ọkà àti ẹ̀wà dípò ìrẹsì funfun nìkan. Ẹnìkan kò kú nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tí àrùn náà sì mú kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Takaki rò pé àìtó ẹran àti irú rẹ̀ ni ó fa àrùn náà. Kò rí i bí ó ti rí gan-an, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ènìyàn là. Àwọn olórí ìṣègùn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Jàpáánì kan náà kò gbà. Wọ́n ní kòkòrò àrùn ni, wọ́n sì ń bọ́ ọmọ ogun wọn pẹ̀lú ìrẹsì funfun lọ. Nígbà tí ogun pẹ̀lú Rọ́ṣíà dé ní ọdún 1904 sí 1905, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun wọn ni beriberi pa láìjẹ́ pé ọ̀tá yìnbọn kan wọn. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe aláìmọ̀wé nìkan ni ó máa ń kọ òtítọ́ tí a gbé ka iwájú rẹ̀.

Ní erékùṣù Java, tí àwọn ará Holland ń ṣàkóso nígbà náà, adìẹ ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Oníṣègùn kan, Christiaan Eijkman, ń wá kòkòrò tí ń fa beriberi. Ní ọdún 1889, àwọn adìẹ tí ń bẹ ní ọgbà ilé ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ṣubú, ọrùn wọn sì ń yí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan gbogbo wọn tún gbádùn, láìsí oògùn. Ó wádìí títí ó fi mọ̀ pé ẹni tí ń bọ́ wọn ti ń gba ìyókù ìrẹsì sísè, funfun báláú, láti ilé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí alásè mìíràn dé, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìrẹsì ọmọ ogun kò tọ́ sí adìẹ lásánlàsàn. Ni a bá padà sí fífún wọn ní ìrẹsì tí a kò bó, ni ara wọn bá yá. Ìwà ahun alásè yìí ṣe ayé ní oore ju ìwà ọ̀làwọ́ ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Adolphe Vorderman, tí ń bẹ ilé ìṣègùn àti ẹ̀wọ̀n wò fún ìjọba, yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n 101 wò ní Java, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1897. Níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń jẹ ìrẹsì tí awọ pupa rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹnìkan nínú 10,000 ni ó ní beriberi. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ èyí tí ẹ̀rọ bó funfun, ẹnìkan nínú 39 ni. Eijkman ṣì rò pé májèlé ni ó wà nínú ìrẹsì, tí èèpo sì ń pa oró rẹ̀. Gerrit Grijns ni ó sọ ọ́ gbangba ní ọdún 1901 pé kò sí májèlé kankan: ohun kan ni ó sọnù tí ara kò lè ṣe aláìní. Ní ọdún 1912 Casimir Funk fún irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a fi ń pè wọ́n ní fítámì lónìí. Ní ọdún 1926 Jansen àti Donath rí B1 yọ jáde láti inú èèpo ìrẹsì, ó dà bí iyọ̀ funfun. Ní ọdún 1936 Robert Williams ní Amẹ́ríkà sì ṣe é nínú ilé ìwádìí. A ti fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1929, òun pẹ̀lú Frederick Hopkins ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ wo ni ohun kékeré yìí ń ṣe? Gbogbo ẹ̀bà, iyán, àmàlà, ẹ̀kọ àti ìrẹsì tí a ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ara a máa fi ṣúgà yìí dá iná tí a fi ń rìn, tí a fi ń ronú, tí ọkàn fi ń lù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lójú ọ̀nà tí ṣúgà kò lè gbà kọjá bọ́ sínú ààrò bí B1 kò bá sí níbẹ̀ láti ṣí i fún un. Bí kò bá sí, igi pọ̀ lẹ́nu ààrò, iná kò jó. Èéfín ni yóò kún ilé. Ọpọlọ, àwọn iṣan tí ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àti ọkàn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń jìyà, nítorí pé àwọn ni kì í sinmi. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọkàn sí èyí: bí ènìyàn bá ṣe ń jẹ òkèlè tó ni ara rẹ̀ ń béèrè B1 tó. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú kò kàn ṣe aláìrí B1 gbà nìkan. Ó ti ná èyí tí ó wà nílẹ̀.

Ìwọ̀n tí a nílò kò pọ̀ rárá. Ọkùnrin tí ó ti dàgbà nílò mílígíráàmù 1.2 lójúmọ́, obìnrin 1.1, aboyún àti abiyamọ 1.4. Bí a bá kó ti ọkùnrin jọ fún odindi ọdún kan, kò tó ìlàjì gíráàmù kan. Ó lè wà lórí èékánná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè jẹ ní ọjọ́ ọdún kí a sì gbójú lé títí di ọdún mìíràn. Fítámì A tí ń bẹ nínú epo pupa, ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún oṣù púpọ̀, nítorí ọ̀rá ni ó ń bá rìn. B1 ń bá omi rìn. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ìtọ̀ a gbé e jáde. Gbogbo èyí tí ó wà lára ènìyàn ní ìgbà kan náà kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 30 lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sì ti tó láti ná an tán.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Ní ọdún 1958 àwọn oníṣègùn tí ń ṣiṣẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kọ̀wé nípa àìsàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yìí. Àwọn òyìnbó tilẹ̀ sọ ọ́ ní ìwárìrì Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n kọ́kọ́ rò ó sí àrùn ọpọlọ irú èyí tí kòkòrò àìrí ń fà. Ọdún ń gorí ọdún, a kò rí kòkòrò kankan mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lá Adámọ́lékùn ni ó béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí a ti béèrè tẹ́lẹ̀: Kí ni wọ́n jẹ? Ní ọdún 1993 ó kọ ọ́ jáde pé àwọn aláìsàn wọ̀nyí a máa jẹ kòkòrò sányán kí ìwárìrì tó mú wọn, pẹ̀lú oúnjẹ òkèlè.

Ẹ mọ kòkòrò náà. Òun ni ó ń gbé lọ́pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo lórí igi, tí a sì ń ran òwú ilé rẹ̀ fún aṣọ sányán tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀. Ìgbà òjò ni ìgbà rẹ̀, ìgbà náà ni àwọn ọmọ sì ń kó o wá láti inú igbó. Ní ọdún 1994 Adámọ́lékùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín àwọn tí ìwárìrì mú sí ọ̀nà méjì láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí ó kàn wọ́n. Wọ́n fún apá kan ní B1, wọ́n sì fún apá kejì ní ohun tí ó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kì í ṣe oògùn. Àwọn tí ó gba B1 ni ara wọn yá gidigidi ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí ó di ọdún 2000, àwọn onímọ̀ Jàpáánì, ilẹ̀ Takaki, fi hàn pé èròjà kan wà nínú ara kòkòrò yìí tí ń já B1 sí wẹ́wẹ́. Èròjà náà kì í tètè kú lójú iná. Iná tí ó tó láti mú ọwọ́ wa bó kò tó láti pa á. Ṣe ni ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù nínú ohun tí ó gbóná dé ìwọ̀n 70, nígbà tí omi tí ń hó jẹ́ 100.

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa nígbà náà. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò ní B1 púpọ̀ lára, nítorí pé B1 inú ẹ̀gẹ́ kéré, rírẹ, fífún àti dídín gàrí sì tún dín in kù. Ìgbà òjò ni iṣẹ́ oko pọ̀, tí owó kò sì sí. Ó yan kòkòrò sányán lórí eérú gbígbóná, ó fi jẹ ẹ̀bà. Kòkòrò náà ba ìwọ̀nba B1 tí ó kù jẹ́; òkèlè náà sì béèrè B1 púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òru ọjọ́ náà ni ọpọlọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbo ni a fẹ́ fi àjẹ́ sí nínú èyí?

Ṣùgbọ́n èrò kejì kan wà tí n kò fara mọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti tàn, àwọn kan ń wí pé ìyà ni ó tọ́ sí ẹni tí ń jẹ kòkòrò, pé oúnjẹ àwọn ará igbó ni, pé kí a fòfin dè é pátápátá. Ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹran nínú ìkòkò tirẹ̀. Kòkòrò sányán jẹ́ ẹran fún ẹni tí kò lè ra ẹran. Èròjà tí ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì lẹ́gbin ju edé tí gbogbo wa ń jẹ lọ. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ tálákà láìfún un ní nǹkan mìíràn, ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ ni a fi í sílẹ̀ fún, B1 rẹ̀ kò sì ní pọ̀ sí i nítorí èyí. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a sè é nínú omi tí ń hó kùtùkùtù fún ìgbà pípẹ́, kí a sì tún dín in tàbí kí a yan án lẹ́yìn náà. Yíyan lórí eérú nìkan kò tó. Kí a má sì fi jẹ òkèlè láìsí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà nínú oúnjẹ ọjọ́ náà. Ọmọdé àti aboyún, èmi ìbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, Àwọn baba wa jẹ ẹ́, kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe kòkòrò ni ó yí padà, bí kò ṣe àwo tí ó wà níwájú rẹ̀. Iṣu, ẹ̀wà, àgbàdo sísun, ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ni a ń jẹ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gẹ́ kò tíì gba gbogbo oko. Ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ àgbẹ̀: a máa dúró de olówó rẹ̀ nínú ilẹ̀, kì í bínú sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. N kò bú u. Ṣùgbọ́n oko tí kò ní nǹkan mìíràn ju ẹ̀gẹ́ lọ ń pèsè ebi irú kan tí ikùn kò mọ̀. Ebè ẹ̀wà díẹ̀ láàárín rẹ̀, àti ẹ̀pà ní etí rẹ̀, yóò tún ilẹ̀ náà ṣe, yóò sì tún ọmọ ilé ṣe.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó dun mí ju ti kòkòrò lọ, nítorí pé ilé ìdáná gbogbo wa ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ti olówó àti ti tálákà. Àwa ni a ń ra B1, àwa náà ni a sì ń dà á nù.

Ẹ wo ìrẹsì. Èyí tí ẹ̀rọ ti bó títí ó fi ń dán, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà B1 tí Ọlọ́run fi sí i ni ó kù lára rẹ̀. Ìyàwó ilé a fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́rin, a bọ̀ ọ́ lórí iná, a da omi náà nù, a tún bu omi tuntun sí i. Kí ni ó kù? Ìrẹsì ọ̀fadà tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ti ń fi imú ṣe nígbà kan sàn jù ú lọ fíìfíì, nítorí pé a ti bọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kí a tó pa á: bíbọ̀ yìí a máa ti B1 láti ara èèpo wọ inú hóró, a kì í sì í bó o dé egungun. Kí a ṣa òkúta rẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ níwọ̀nba, kí a sì wọn omi tí yóò gbẹ mọ́ ọn. Ẹni tí ó ní òun kò lè jẹ ìrẹsì tí a kò da omi rẹ̀ nù, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó rántí adìẹ Java.

Ẹ wo ẹ̀wà, tí ó jẹ́ ibi ìṣúra B1 wa. Kí ó lè tètè rọ̀, a máa ń fi káún sí i. Káún a mú ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá dà bí eérú àti káún a máa pa B1 nínú ìkòkò gbígbóná. A wá jẹ ẹ̀wà tán, a rò pé a ti jẹ ìṣúra. Káún ti kó ìṣúra lọ kí a tó ṣí ìkòkò. Rírẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́, kí a sì fi omi náà gan-an sè é ní òwúrọ̀ nínú ìkòkò tí a dé, yóò dín igi kù bákan náà. Mo mọ̀ pé igi wọ́n, iná ẹ̀lẹ́ńtiríìkì sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rírẹ, tí n kò kàn pàṣẹ pé kí a má fi káún sí i.

Ní ti ògì, ọ̀rọ̀ kò gùn. A rẹ àgbàdo, a da omi rẹ̀ nù, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a kó eèrí fún ewúrẹ́, a sì fi èyí tí ó funfun jù lọ fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀kọ mímu. Ewúrẹ́ ni ó jẹ ipa tí ó dára jù. Kí a sẹ́ ẹ fún ọmọ tí kò tíì ní eyín, ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí a po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà lílọ̀ tí a ti sè mọ́ ọn fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà. Omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́ náà, tí a ń fún dànù, ó gbé lára B1 àti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Kí a rẹ́ ẹ̀fọ́ sínú ọbẹ̀ tí ó ti hó, níbi tí ó bá jẹ́ irú ẹ̀fọ́ tí kò korò.

Àwọn kan yóò sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé abẹ́rẹ́ àti hóró oògùn kiri ọjà. Hóró fítámì B kò burú, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e mì tí ó sì rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n bí omi ọsàn, tí ó ní àrùn ni ó ń jáde yẹn, kí ó mọ̀ pé fítámì náà fúnra rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ B2, ni ó ń wò lórí ilẹ̀: ara gba èyí tí ó fẹ́, ó dá ìyókù padà. Abẹ́rẹ́ láti ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè mú ọgbẹ́ àti ikú wá pẹ̀lú. Àwọn tí hóró yìí wúlò fún ní tòótọ́ ni ẹni tí kò lè jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, aboyún tí èébì kò jẹ́ kí ó gbádùn, àti ẹni tí ọtí ti di oúnjẹ fún; ọtí kì í jẹ́ kí ìfun gba B1 wọlé dáadáa. Kí gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Bí ìwárìrì bá mú ẹnìkan nínú ilé ní ìgbà òjò yìí, kí a má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí ó se oúnjẹ. Kí a má fi àgbo tàbí epo sí ẹnu ẹni tí iyè rẹ̀ kò pé, kí ó má baà gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò tọ́. Kí a dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé ibà tí ó wọ ọpọlọ lè jọ ìwárìrì yìí, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a sì fi lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ B1 wà ní ilé ìwòsàn, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá bá aláìsàn lọ ni kí ó sọ gbogbo ohun tí ó jẹ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn fún dókítà, ẹ̀bà, ọbẹ̀, àti kòkòrò pẹ̀lú, kí ó má sì tijú láti dárúkọ rẹ̀.